Ẹni Kejìlélógún Lórí Mátì

Kò sí ibi tí obìnrin yìí wọ̀ rí tí kò ka iye ènìyàn tó bá níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógójì ló fi ṣe alábòójútó ìdánwò, iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí ènìyàn ni a ń kà láàárọ̀, tí a ń ka ìwé ìdáhùn lọ́sàn-án, tí iye méjèèjì kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ síra. Àwọn ọmọ ilé-ìwé sọ ọ́ ní Kàá-kó-pé, wọ́n sì rò pé kò mọ̀. Ó mọ̀, ó gbà á bí oyè. Nígbà kan, àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé fọ́ọ̀mù síwájú rẹ̀ pé kí ó fọwọ́ sí i pé ọ̀ọ́dúnrún ìwé ìdáhùn ló wọlé, nígbà tó jẹ́ pé ó dín méjì lójú tirẹ̀. Ó kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi ìgbéga rẹ̀ falẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà. Ó wò wọ́n títí ó fi rẹ̀ wọ́n. "Ohun tí mo bá kà ni mo ń fọwọ́ sí," ni èsì rẹ̀, èsì náà kò sì yí padà títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ọkọ rẹ̀ ní tirẹ̀ jẹ́ awọnlẹ̀, ọkùnrin gíga, oníwà tútù, tó ti fi ẹsẹ̀ la igbó àti ẹrẹ̀ kọjá pẹ̀lú irinṣẹ́ ìwọnlẹ̀ léjìká. Nígbà tí òun náà fẹ̀yìn tì, tí dókítà ní kí ó wá nǹkan fi ara ṣe, gbogbo ilé rò pé yóò máa rìn yí àdúgbò ká ni. Àṣé jùjítsù lọkàn rẹ̀ lọ sí, ìjàkadì àwọn ará Bùràsíìlì, èyí tí wọ́n ń jà ní ìdùbúlẹ̀, tí wọ́n ti ń lọ́ ara wọn lápá, tí wọ́n sì ti ń fún ara wọn lọ́rùn. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bá a ra aṣọ ìjà funfun, ó sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ tí kò fi ní súnkì.

Ohun kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Níbi ìdíje kékeré kan, ọ̀dọ́mọkùnrin kan fi orúnkún kan ọkọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ láyà, ni ìyàwó bá fò dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó figbe ta pé, "Dìde lára ọkọ mi!" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ mẹ́ta ni ọkọ rẹ̀ kò fi bá a sọ̀rọ̀. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ọ̀gá ńlá kan fẹ́ wá ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún wọn láti ọ̀sán di ìrọ̀lẹ́, ọkọ bá ìyàwó rẹ̀ ṣe àdéhùn nínú ọkọ̀ kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀.

"Tíṣà," ni ó wí, orúkọ tí ó ti ń pè é láti ìgbà tí wọ́n ti ń fẹ́ra, "ṣé a ti gbọ́ ara wa yé? O ó jókòó, o ó pàtẹ́wọ́, o ó gbé omi fún mi. Ó parí."

"Tí wọ́n bá ṣẹ́ yín lápá ńkọ́?"

"O ó tún pàtẹ́wọ́."

"Dádì, ẹ ò dáa o."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. "Òní ni wọ́n máa fún mi ní bẹ́líìtì búlúù, ìgbéga mi àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ṣe é dópin ò ní gbà á. Tí o bá wọ́ mi kúrò lórí mátì lójú àwọn ọmọ yẹn, mi ò lè padà débẹ̀ mọ́ láéláé."

Ó ṣèlérí pé òun kò ní wọ́ ọ kúrò.

Ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ ni ilé ìjà náà. Fèrèsé rẹ̀ ga sókè, mátì aláwọ̀ eérú sì bo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri, bí a bá yọ ojú ọ̀nà tóóró tí wọ́n to bẹ́ǹṣì àwọn òǹwòran sí. Òórùn àágùn àti ti ọṣẹ apakòkòrò ló kún ibẹ̀. Obìnrin kan péré ló bá lórí bẹ́ǹṣì, ìyàwó wẹ́dà kan tó wà lára àwọn tó ń kọ́ ìjà náà, tí oyún inú rẹ̀ ti tó oṣù méje.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Ẹ̀yin náà wá wo bí wọ́n ṣe ń fún ọkọ yín lọ́rùn?"

"Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí èmi náà ti ń fún un lọ́rùn nílé. Kò kú."

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ n bímọ síbí."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tò lórí ìlà. Obìnrin náà kà wọ́n: mọ́kànlélógún. Ó ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà, yàtọ̀ sí ti àwọn ọ̀gá: bàtà ẹni mọ́kànlélógún. Ọ̀gá àlejò náà, bàbá kúkúrú kan tí orí rẹ̀ ń dán, dúró níwájú, ẹni tó ni ilé ìjà sì ni ó ń lò láti fi hàn wọ́n. Ó wọ ẹ̀yìn onílé náà, ó fi apá yí i lọ́rùn, ó fún un díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni onílé fi àtẹ́lẹwọ́ lu apá rẹ̀, pá-pá, ọ̀gá àlejò sì tú u sílẹ̀ lọ́gán.

"Tápù nìyẹn," ni ọ̀gá àlejò wí. "Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, 'Ó tó, tú mi sílẹ̀.' Ẹni tí ẹ bá tápù lára rẹ̀ tí kò tú yín sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò ní àyè láàárín wa. Ó yá, ẹ mú alábàáṣe yín."

Wọ́n pín ní méjì-méjì. Obìnrin náà ń dúró de ẹni tí yóò ṣẹ́kù, nítorí mọ́kànlélógún kò ṣe é pín sí méjì. Kò sí ẹni tó ṣẹ́kù. Ó kà wọ́n láti apá ọ̀tún: ìsọ̀rí mọ́kànlá, ẹni méjìlélógún. Ó kà wọ́n láti apá òsì, ó tún bá méjìlélógún. Ara rẹ̀ kò gbà á. Ó wo ojú ọ̀nà. Bàtà ẹni mọ́kànlélógún náà ló ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà náà ló wá wo ọkọ rẹ̀ dáadáa. Ó wà ní igun jíjìn, ẹnì kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó fi apá yí i lọ́rùn. Aṣọ ẹni náà funfun gbẹ, bẹ́ẹ̀ àágùn ti mu aṣọ gbogbo àwọn yòókù. Ó na ọrùn wò ó láti rí ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ló rí. Wọ́n yí padà lórí mátì, ẹ̀yìn náà ló tún rí. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ lọ sókè, ó lu apá yẹn: pá-pá. Lẹ́yìn náà, pá, ẹ̀kẹta. Ìgbà yẹn ni apá náà tó tú.

Ọ̀gá àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n padà sórí ìlà. Ó kà wọ́n. Mọ́kànlélógún.

Àwọn ọmọ tó ń jí ìwé wò nínú ìdánwò ti gbìyànjú láti tan ojú rẹ̀ jẹ rí, wọn kò rí i ṣe. Ó yíjú sí ìyàwó wẹ́dà. "Ọmọ mi, bá mi ka àwọn tó wà lórí ìlà yẹn. Yọ àwọn ọ̀gá méjèèjì kúrò."

"Kí ni mo fẹ́ gbà, Mọ́mì?"

"Kà á ná."

"Mọ́kànlélógún."

Wọ́n tún pín ní méjì-méjì. "Tún wọn kà."

Ọmọbìnrin náà ń fi ìka tọ́ka, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ìka rẹ̀ dé igun jíjìn yẹn, ẹ̀rín náà kúrò. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. "Méjìlélógún," ni ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Mọ́mì, ta ló wọlé?"

"Ìwọ lo jókòó ti ẹnu ọ̀nà. Ta lo rí?"

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ó sì sún bẹ́ǹṣì tirẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di pé ìta ló jókòó sí. Ní igun, ọkọ obìnrin náà tún ń lù: pá-pá, pá, pá, pá. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún.

Nígbà ìsinmi, ó gbé omi fún un. Àmì pupa kan yí ọrùn rẹ̀ ká, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì gún régé, bí ìlà tí a fi rúlà fà. Ohùn rẹ̀ ti ha.

"Dádì, ta ni ẹ ń bá ṣe é?"

"Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan. Kì í sọ̀rọ̀."

"Bẹ́líìtì wo ló so?"

Ó wo ọ̀nà igun náà, ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó gbàgbé ohun tó wọ yàrá wá mú. "Funfun... Àbí kò so nǹkan kan. N kò kíyè sí i."

"Ẹ kò kíyè sí ẹni tó dì mọ́ yín fún wákàtí kan? Ẹ̀yin tí ẹ ń rántí òkúta ààlà tí ẹ rì ní ogún ọdún sẹ́yìn?"

"Tíṣà, má bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ lù ú lákọ̀ọ́kọ́ kó tó tú yín sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lẹ lù ú lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà péré ló kù, ìjà àṣekágbá. Mo ní kí o pàtẹ́wọ́." Ó dá ife omi padà fún un.

Ó lọ bá onílé, géńdé kan tí ìjà ti sọ etí rẹ̀ di kókó, tí wọ́n fi ń pè é ní Elétí. "Ẹ̀yin Elétí, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó lẹ ń kọ́ lónìí?"

"Mọ́kànlélógún, Mọ́mì. Ẹnì kan ló kù tí kò wá."

"Ta ló ń ṣẹ́kù nígbà tí ẹ bá pín wọn ní méjì-méjì?"

Elétí họ etí rẹ̀. "Òótọ́ ni. Kò sí ẹni tó wá bá mi pé òun ò rí alábàáṣe." Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò wo ọ̀nà igun yẹn. "Bóyá àwọn kan ń ṣe é ní mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lára."

"Mo ti kà wọ́n."

"Mọ́mì, ẹ lọ jókòó. Àwa la mọ iṣẹ́ wa."

Gbólóhùn yẹn gan-an ni àwọn ọ̀gá rẹ̀ sọ fún un lórí ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ọjọ́sí. Ó jókòó lóòótọ́, àmọ́ láti tú okùn bàtà rẹ̀ ni. Ó ti rò ó síwá sẹ́yìn. Bí ó bá fa ọkọ rẹ̀ jáde, ó ti pa á ní ọ̀nà kan. Bí ó bá fi í sílẹ̀, apá yẹn yóò pa á ní ọ̀nà kejì. Mọ́kànlélógún tí kò ṣe é pín sí méjì ló ṣí àyè ẹnì kan sílẹ̀. Bí ènìyàn gidi bá gba àyè náà, ohun tó wà ní igun yẹn kò ní rí ibi jókòó mọ́.

Ó gbé ọ̀kan nínú àwọn aṣọ ìjà tí wọ́n fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, ó wọ̀ ọ́ lé ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò rẹ̀, ó sì rìn ní ẹsẹ̀ lásán lọ dúró ní ìparí ìlà. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgúnpá gún ara wọn.

"Mọ́mì!" ni Elétí wí. "Ẹ ò lè ṣe é!"

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

"Kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ síbì kan..."

"Kí ló wá dé?"

Ọ̀gá àlejò wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo ìlà náà, ètè rẹ̀ ń mì bí ẹni tó ń kà. "Méjìlélógún," ni ó wí. "Ó pé. Ẹ jẹ́ kó dúró, àmọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni kó ṣe é. Ẹ mú alábàáṣe yín."

Kò tíì sọ ọ́ tán tí obìnrin náà fi gbá apá aṣọ ọkọ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, o ṣèlérí," ni ọkọ rẹ̀ wí láàárín eyín.

"Mo ṣèlérí pé mi ò ní wọ́ yín kúrò. Ṣé mo wọ́ yín?"

Aago dún. Orúnkún rẹ̀ ké bí ó ṣe kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ ní igun náà. Ó kọ́kọ́ gbójú sókè, ó kà: ìsọ̀rí mọ́kànlá, ẹni méjìlélógún, òun náà ń bẹ nínú wọn. Ìgbà náà gan-an ni mátì tó wà lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀ rì wọlẹ̀ díẹ̀, ní ibi méjì, bí ìgbà tí ẹnì kan bá kúnlẹ̀ láti dúró de àyè. Atẹ́gùn kò fẹ́, síbẹ̀ irun ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ dìde. Kò sí ohun tó ń mí níbẹ̀. Ohun kan kàn ń dúró ni.

Kò bojú wẹ̀yìn. Ó lo ohùn tó fi máa ń ti ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ìdánwò mọ́ àwọn tó bá pẹ́ dé, ohùn tí kò ga, tí kò sì gba ẹ̀bẹ̀. "Ó ti pé," ni ó wí. "Kò sí àyè."

Ó ka ogójì nínú ọkàn rẹ̀ kí mátì náà tó wú padà, ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ó fi apá yí ọkọ rẹ̀ lọ́rùn bí ó ti rí i tí wọ́n ń ṣe é, láì fi agbára kankan sí i. Àyà ọkùnrin náà ń lù kìkì lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba ọkọ òun láti ọ̀sán. Kò tíì fún un rárá tí ọkọ rẹ̀ fi lu apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, pá-pá. Ó tú u sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, fúnra rẹ̀, ó dá ọrùn padà sínú apá ìyàwó rẹ̀, ó sì tún lù ú. Ìyàwó rẹ̀ tún tú u sílẹ̀. Ọkọ tún dá ọrùn padà, ó tún lù ú, bí ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn tí ó ń tì í láti mọ̀ bóyá kọ́kọ́rọ́ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ní gbogbo ìgbà tó bá ti lù ú ni ìyàwó rẹ̀ ń tú u sílẹ̀, títí aago fi dún.