Eré Odi Tí Mo Kọ́ Àrìnpé

Lọ́jọ́ tí ogun wọ àdúgbò wa ní Monrovia, kọ́là aṣọ ilé ìwé ni mo ń rán. Mẹ́tàlá ni àwọn ìyá gbé wá, mo ti rán mẹ́jọ. Nǹkan dún gbàgà láti ìhà afárá, mo rò pé àwọn káfíńtà ló já páànù sílẹ̀. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kejì, àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ ò rí ogun rí, ohun tí mo fi mọ̀ ọ́n nìyẹn. Mo fi kọ́là kẹsàn-án sílẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́, mo sáré lọ gbé ọmọ mi. Mi ò jókòó ti máṣíìnì yẹn mọ́.

Àrìnpé lorúkọ ọmọ náà, ọmọ ọdún mẹ́rin, a-sọ̀rọ̀-má-sinmi. Bàbá rẹ̀ ti lọ ra ọjà ní Èkó láti oṣù tó ṣáájú, ọ̀nà sì dí mọ́ ọn síbẹ̀. A sá pamọ́ sí yàrá Màmá Hawa, ìyá àgbà onílé wa, ọmọ bíbí ìlú náà. A kọ́kọ́ ń jẹ ìrẹsì, nígbà tó yá ó di ewé ẹ̀gẹ́, lẹ́yìn náà ó di gbòǹgbò ìbẹ́pẹ tí a sè títí omi rẹ̀ fi dúdú. Ìbọn ń dún láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó bá dáwọ́ dúró díẹ̀, ikùn ara wa la máa ń gbọ́.

Nígbà tó ṣe, àwọn tó gba àdúgbò wa bẹ̀rẹ̀ sí wá ọmọ Nàìjíríà kiri. Wọ́n ní ìjọba wa rán ọmọ ogun wá bá àwọn jà. Wọn kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni. Wọ́n á ní kí o sọ̀rọ̀, tí o bá ti la ẹnu, wọ́n ti mọ ibi tí o ti wá. Aládùúgbò wa kan sọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún wọn, wọ́n mú un lọ, kò sì padà wá.

Màmá Hawa pè mí jókòó. Ó ní, "Ọdún mẹ́fà lo ti lò níbí, o ò tíì mọ ọ̀rọ̀ wa í sọ. Ẹnu rẹ ni yóò pa ọ́. Èmi yóò mú yín dé ààlà, àmọ́ odi ni ìwọ àti ọmọ rẹ láti òní lọ."

Èmi lè ṣe odi. Àgbà ni mí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pa ẹnu Àrìnpé mọ́? Kóró ṣúgà mọ́kànlá ló kù nínú páálí. Mo ní, "Àrìnpé, a fẹ́ ṣe eré kan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ló pàdánù. Tí o bá ṣe é títí tí a fi dé ọ̀dọ̀ Dádì, gbogbo ṣúgà yìí di tìẹ." A fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ ọ. Má wo ojú wọn. Má wo ẹnu wọn. Tí wọ́n bá fìyà jẹ ọ́, fi eyín di aṣọ mú, má la ẹnu, nítorí ẹnu tó bá là fún igbe, ọ̀rọ̀ lè bá a jáde.

Ohun tí mo ṣe lọ́jọ́ kẹta, ó ń dùn mí títí di òní. Mo rẹ́rìn-ín sí i, mo ní, "Ó ti parí, Àrìnpé. O ti borí. Máa sọ̀rọ̀." Inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Mọ́mì, ṣúgà mi dà?" Mo fọ́ ọ létí. Mo ní bí àwọn yẹn yóò ṣe tàn án nìyẹn. Kò sunkún. Ó kàn wò mí, ó sì fi etí aṣọ sẹ́nu.

Ọjọ́ mọ́kànlá la fi rìn. Ibi tó le jù ni ibi tí wọ́n ti na okùn dábùú ọ̀nà. Ọmọkùnrin mẹ́rin ló wà níbẹ̀, kò sí èyí tó tó ọmọ ogún ọdún nínú wọn. Ọ̀kan ní kí n sọ orúkọ mi. Màmá Hawa dá a lóhùn pé ìyàwó ọmọ òun ni mí, odi ni mí, odi sì ni ọmọ mi.

"Àwọn méjèèjì?"

"Ọmọ mi ló ní òun ò fẹ́ ìyàwó ẹlẹ́nu. Ọlọ́run gbọ́, ó fún un ní èyí, ó tún fi ọmọ lé e."

Àwọn tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó béèrè ọ̀rọ̀ náà kò rẹ́rìn-ín lákọ̀ọ́kọ́. Ó gbé bàtà rẹ̀ lé ẹsẹ̀ Àrìnpé, ó sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Mo wo ilẹ̀. Ọmọ náà ki etí ìró Màmá Hawa bọ ẹnu, ó fi eyín dì í mú, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò dún pínpín. Ọkùnrin náà wá rẹ́rìn-ín. Ó sọ okùn náà kalẹ̀, a sì kọjá.

Ní ààlà, Màmá Hawa ní òun ń padà, nítorí ọmọ òun wà lẹ́yìn. Àrìnpé kò fi aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá àgbà náà tú ìró rẹ̀ òkè, ó fi wé e lọ́rùn, ó yí padà. Mi ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo kúnlẹ̀ ti ọmọ mi, mo ní, "Ó ti parí." Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ojú oníjìbìtì.

Nígbà tí a dé Èkó, tí bàbá rẹ̀ gbé e mọ́ra tó ń sunkún, etí mi ni ó na ọrùn sí. Ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ṣé ẹ ń dán mi wò ni, Mọ́mì?" Mo bú sẹ́kún. Láti ọjọ́ yẹn, etí mi nìkan ló ń bá sọ̀rọ̀. Kò bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò bá ìyá mi sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò dá tíṣà kankan lóhùn. Gbogbo ẹni tó bá sọ fún un pé ogun ti parí, ṣe ló tún máa ń pa ẹnu mọ́ sí i. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí bàbá rẹ̀ ríṣẹ́ ní Deira, ní ìlú Dubai, tó ń bá àwọn oníṣòwò Èkó di ẹrù wọn sínú ọkọ̀ ojú omi. A gba yàrá ní Al Taawun ní Sharjah, ìlú tó múlé ti Dubai, nítorí owó ilé Dubai ju agbára wa lọ. Ilé ìwé mẹ́ta kò gbà á. Ọ̀gá ilé ìwé kẹrin, obìnrin ará Íńdíà kan tó ní sùúrù, ní kí a mú un padà wá ní Sátidé. Ó ní òun kò béèrè ju kó fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn ìbéèrè kan. Tí kò bá dáhùn, a ó dá a padà sọ́dọ̀ ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ti ra àpótí aṣọ tí yóò gbé lọ, mo sì fi í pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Jímọ̀, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi níbẹ̀, là ń sìn ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tó wà ní Oud Metha ní Dubai. Ìjọ ibẹ̀ pọ̀ ju yàrá lọ. Àwọn ará Íńdíà á jáde, àwọn ará Filipíìnì á wọlé, tí àwọn yẹn bá jáde, ó kan àwa. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, a dé lọ́wọ́ ọ̀sán, a bá àwọn ará Jámánì nínú gbọ̀ngàn wa, wọ́n ń wo fíìmù ogun kan ní èdè wọn. Fídíò wọn ti kọ́kọ́ kọ̀ láti ṣiṣẹ́, fíìmù náà kò sì tíì tán.

Akọ̀wé ìjọ wa, Brother Túndé, ní, "Ẹ wọlé, ẹ jókòó jàre. Wọ́n ní it remains half an hour. A ò lè lé àlejò."

Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀ àwòrán, a sì ń kà á. Bàbá àgbà kan àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin ń sá kúrò ní abúlé wọn. Bí bàbá àgbà inú fíìmù bá ti sọ̀rọ̀, àwọn ará Jámánì á rẹ́rìn-ín, níbi tí kò ti pa wá lẹ́rìn-ín rárá. Ọkùnrin arúgbó kan láàárín wọn, onírùngbọ̀n funfun tó ń bá wọn to ẹ̀rọ sí ilé iṣẹ́ kan ní Jebel Ali, bínú dìde. Ó yíjú sí wa, ó ṣàlàyé ní Gẹ̀ẹ́sì pé ọ̀rọ̀ ẹnu abúlé tòun gan-an ni òṣèré yẹn ń sín jẹ, pé ará ìlú ńlá ni, inú ìwé ló ti kọ́ ọ, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn.

Brother Túndé rọra bi wá pé, "So àwọn náà ní Èkìtì tiwọn?"

Sister Bọ́lá, tó ń kó léèsì lọ sí Èkó, ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbọ́ film."

"Ọmọ Èkìtì ni mí, mo mọ nǹkan tó ń ṣe bàbá yẹn. Tí àwọn òṣèré Èkó bá ti ń ṣe bíi wa lórí TV, I just off it."

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín títí àwọn inú fíìmù fi dé orí afárá kan. Ọmọ ogun dá wọn dúró. Ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdébìnrin náà yóò tú wọn fó, nítorí náà bàbá àgbà ní odi ni. Mo ka ìyẹn. Mo wo Àrìnpé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Òun náà ti kà á. Mo fẹ́ gbé e jáde, àmọ́ ó ti di ìjókòó mú.

Ọmọ ogun náà fa ọmọ yẹn nírun. Ọmọ náà la ẹnu gbàù, ó wo ọkùnrin náà lójú, ó ké, ó ké. Arúgbó onírùngbọ̀n mi orí, ó ní ó kéré tán, ọmọ yìí mọ eré í ṣe. Sister Bọ́lá ń nu ojú. Ó ní, "Ọmọ yìí try gan-an."

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe."

Mi ò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Ohùn náà ṣàjèjì sí mi, ó ki díẹ̀, ó sì ròkè. Ìgbà tí mo yíjú, Àrìnpé ti dìde dúró, ó ń na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n.

"Kò mọ̀ ọ́n ṣe rárá. Téèyàn bá la ẹnu báyẹn, ọ̀rọ̀ á jáde. Aṣọ ni wọ́n máa ń fi eyín dì mú. Wọn kì í sì í wò wọ́n lójú."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, èdè tí mo ti fi ìgbátí lé kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹnìkan dá fíìmù dúró. Arúgbó náà béèrè ohun tí ọmọ yìí sọ. Brother Túndé túmọ̀ rẹ̀ fún un. Bàbá náà ní kí wọ́n dá ibẹ̀ padà, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó sì mi orí.

Ó ní, "Ó tọ̀nà. Ọmọdé ni mí nígbà ogun tiwa. Bọ́tìnnì kan ni ìyá mi fi sí mi lẹ́nu." Ó wá tẹ̀ síwájú sí Àrìnpé, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì, bí èèyàn ṣe ń bi ọ̀gá iṣẹ́ ní ìbéèrè, pé, "Ọmọ ogun yẹn ńkọ́? Ṣé òun mọ̀ ọ́n ṣe?"

Ọmọ mi ronú. Ó ní, "The soldier is okay. But he should laugh."

Ẹ̀ṣọ́ ọgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Yalla, khalas, next group," pé ó yá, àkókò ti parí. Kò sí ẹni tó dìde.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Sharjah, bàbá rẹ̀ di ọwọ́ mi mú. Àrìnpé ló sọ̀rọ̀, sókè, kí dírẹ́bà náà lè gbọ́.

"Mọ́mì, ọmọ inú fíìmù yẹn máa ti lọ sílé báyìí, àbí? Ó máa ti jẹun?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Eré ló ń ṣe."

"Tiwa náà ńkọ́?"

"Khalas, ọmọ mi. Ó ti parí. Mi ò dán ọ wò. Èyí tí mo ṣe níjọ́sí, mo ṣẹ̀ ọ́. Dárí jì mí."

A dé iwájú ilé. Ó wá ní, "Ṣúgà mi dà?"

Bàbá rẹ̀ wọ ilé ìtajà ìsàlẹ̀ ilé wa, ó ra páálí márùn-ún. Lọ́jọ́ Sátidé, ọ̀gá ilé ìwé béèrè orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn, ó tún sọ fún un pé fáànù ọ́fíìsì rẹ̀ ń pariwo. Wọ́n gbà á. Mo fa àpótí yẹn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo fún Sister Bọ́lá kó fi kó léèsì. Mo ṣẹ́gun. Ẹ gbà mí láyè kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ogun náà mú ilé wa, ó mú máṣíìnì mi, ó mú Màmá Hawa kúrò lójú mi, àmọ́ ọmọ mi tó mú, mo gbà á padà.

Àrìnpé ti di ìyá ọmọ báyìí. Ìró Màmá Hawa wà lọ́dọ̀ mi, mo fọ̀ ọ́, mo sì ká a, etí rẹ̀ kan ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ níbi tí eyín Àrìnpé ti dì í mú. Ó máa ń pè mí lórí fóònù lójoojúmọ́, á sì sọ̀rọ̀ fún odindi wákàtí kan, ti ọkọ, ti ọmọ, ti iye tí wọ́n ń ta tòmátì. Tó bá yá á ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀? Ẹ ò sọ nǹkan kan." N kì í dá a lóhùn kíákíá. Èmi ni odi báyìí, mo kàn ń gbọ́.