Ọdún Kan fún Èémí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Odògbolú nígbà tí ikọ́ fée rẹ̀ le débi pé kò lè ka ojú ìwé kan sókè tán kí ó tó dúró mí. Kì í ṣe irú asima tí oògùn ń kápá. Ó lo gbogbo ohun tí àwọn aláìsàn yòókù ń lò. Ara tiwọn balẹ̀, tirẹ̀ kò balẹ̀. Ohun tó fẹ́ mọ̀ kò ju èyí lọ: kí ló dé tí tòun fi yàtọ̀?

Dókítà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde náà fẹ́ mọ̀ ọ́n. Òun àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìbàdàn àti Èkó ti pinnu láti jọ máa wọn èémí irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ lóṣooṣù, kí wọ́n sì máa fi ohun tí wọ́n rí níbì kan wé ti ibòmíràn fún ọdún mẹ́wàá. Ó ní ọsibítù kan ṣoṣo kò lè rí aláìsàn tó pọ̀ tó, ọdún kan kò sì lè fi nǹkan gidi hàn. Ìjọba ní kò sí owó. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ nígbà náà, n kò tíì ríṣẹ́, mo sì ń bá dókítà náà ṣe ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n mi ló dábàá pé ká lọ bá régbérégbé Bàbá. Ní Ìjẹ̀bú, àwọn tí wọ́n bí lásìkò kan náà ló ń wà nínú régbérégbé kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn a sì máa wá ohun tí ìlú yóò fi rántí wọn. Àwọn oníṣòwò àti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù nínú ti Bàbá. Ṣùgbọ́n wọ́n ní òfin kan: ọmọ ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ bá kan ilé rẹ̀ kò gbọdọ̀ dá sí i ní ìpàdé. Bàbá kò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí n kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìsìn, ní pálọ̀ alága wọn.

"Ọmọ wa, a gbọ́ ọ," alága sọ. "Ilé ni ẹ fẹ́ kọ́?"

"Rárá, sà. Iṣẹ́ ìwádìí ni. Ọdún mẹ́wàá."

Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ta irin, rẹ́rìn-ín. "Ọdún mẹ́wàá? Ṣé o wo ewú orí wa dáadáa ṣá? Ta ló máa kù nínú wa tí á wá ṣí i?"

"Kò sí nǹkan tí a máa ṣí, sà."

"Ibo la wá máa kọ orúkọ wa sí? Àyà aláìsàn?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí ẹni tó bá le ojú nígbà tí ẹgbẹ́ ń rẹ́rìn-ín ti dá sí ọ̀rọ̀.

Alága gbọ́wọ́ sókè. "Sọ òótọ́ fún wa. Tí a bá san án, ṣé ara ọmọ ọ̀rẹ́ wa yìí á yá?"

Mo ti ro ìbéèrè yìí kí n tó kúrò nílé. "N kò lè ṣèlérí ìyẹn, sà. Ó lè jẹ́ pé àwọn tí wọn kò tíì bí ló máa jàǹfààní rẹ̀."

Ó wo Bàbá. Bàbá ń wo ilẹ̀.

Ọdún kan ni wọ́n fọwọ́ sí. Wọ́n ní àwọn máa fi owó tó kù kọ́ ibi ìjókòó onípáànù sí ọsibítù náà. N kò lè pe ìyẹn ní ìwà burúkú. Oòrùn ń pa àwọn tó ń dúró de dókítà níbẹ̀ lóòótọ́.

"Ó sàn ju òfo lọ," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo sọ fún un. "Ìwọ náà ò sì mọ irọ́ pa rárá. Èmi ló yẹ kí wọ́n rán. Ká ní mo húkọ́ níwájú wọn lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ì bá san ogún ọdún." Ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín náà fi di ikọ́.

Ní gbogbo ọdún yẹn, kò pa oṣù kan jẹ. Á wọ ọkọ̀ wá láti Odògbolú, á fi gbogbo agbára fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀pá kékeré tí wọ́n fi ń wọn èémí, á sì bi wá bóyá ó ju ti oṣù tó kọjá lọ. Nígbà tí àwọn dókítà ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kó tiwọn pọ̀, ohun tó hàn ni pé èémí àwọn aláìsàn náà ń dínkù nígbà ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti mọ ìyẹn láti kékeré. Dókítà ní ibi tí ìbéèrè gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ti tán. Dókítà tó wà ní Ìbàdàn gba iṣẹ́ ní Saudi. Ti Èkó tẹ̀lé e.

Ọyẹ́ tó tún dé ló mú ẹ̀gbọ́n mi lọ, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, kí ilé ìwé tó wọlé.

Àwọn ẹgbẹ́ Bàbá wá kí wa. Oníṣòwò irin jókòó ti Bàbá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Àwọn ará ilé kan ń wí lẹ́yìn pé àwọn ọkùnrin yìí ló pa ẹ̀gbọ́n mi. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó mọ ohun tí ọdún mẹ́sàn-án yòókù ì bá fi hàn, èmi náà kò mọ̀.

Nígbà tí wọ́n dìde láti lọ, Bàbá bi alága pé, "Ọ̀rọ̀ asima yẹn kò kan ilé mi mọ́. Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ ní ìpàdé báyìí?"

Ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó ní ọmọ ẹlòmíràn ni òun ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fọwọ́ sí ọdún mẹ́sàn-án tó kù. Èmi ni Bàbá rán sí dókítà. Ó gbọ́ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní kí wọ́n tọ́jú owó náà ná, pé òun nìkan ló kù nínú àwọn dókítà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun kò sì lè máa fi ara òun wé ara òun.