Ìró Lókè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì

Mùtíátù ti lé lógójì ọdún kó tó pinnu láti tún ìdánwò Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fìdí rẹmi nínú rẹ̀ nígbà èwe ṣe. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà kan ní Igbóṣẹrẹ, nílùú Èkó. Lọ́sàn-án Sátidé, á lọ sí kíláàsì Ọ̀gbẹ́ni Fúnṣọ́ ní Oníkàn. Ìwé òyìnbó àtijọ́ kan ni wọ́n ń kà: ọmọbìnrin kan há sínú ilé olókùúta ńlá, yàrá kan wà níbẹ̀ tẹ́nikẹ́ni kì í ṣí, nǹkan kan sì ń mí lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ẹ má sáré kà á o," Ọ̀gbẹ́ni Fúnṣọ́ kìlọ̀. "Ẹ jẹ́ kó dẹ́rù bà yín."

Ẹ̀rù kò jìnnà sí Mùtíátù. Òun àti Àǹtí Hàwáwù, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló ń gbé ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí bàbá wọn àgbà kọ́ sítòsí Ìga Ìdúngànràn. Ẹbí ti ń jà sí yàrá ẹ̀yìn tó wà lókè, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti tì í pa.

Lọ́sàn-án Sọ́ńdè kan, òjò ti rọ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta. Mùtíátù kàwé dé ibi tí ọmọbìnrin yẹn ti na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Ló bá gbọ́ nǹkan lókè orí rẹ̀: kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ìró náà dúró. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

"Àǹtí mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan?"

"Eku ni. Ìwé yẹn ló ń dà ẹ́ láàmú. Gbé e sílẹ̀, lọ kírun Àsárì."

Ṣùgbọ́n eku máa ń sáré. Èyí ń wọ́, ó ń dúró, ó tún ń wọ́. Mùtíátù gun àtẹ̀gùn lọ sókè. Ó fi etí lé ilẹ̀kùn yàrá náà, ó fi ọwọ́ ti ògiri. Inú yàrá kọ́ ni ìró náà ti ń wá. Inú ògiri ni, lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ gan-an. Bó ṣe fẹ́ yọ ọwọ́ kúrò, férémù ilẹ̀kùn wọ́, àgádágodo já, ilẹ̀kùn sì rọra ṣí fúnra rẹ̀. Ògiri òdìkejì ti là láti òkè délẹ̀. Ó ń rí páànù ilé kejì láàárín rẹ̀.

Ó fò sọ̀ kalẹ̀. "Ẹ jáde! Ilé ń wó!"

Àǹtí ní kóun mú àpótí òun. Mùtíátù kàn gbé Àǹtí pọ̀n. Ó fi ẹsẹ̀ gbá ilẹ̀kùn Ìyá Ṣeun, ayálégbé iwájú, obìnrin náà àtàwọn ọmọ rẹ̀ méjì sì sáré jáde.

Wọ́n dúró sínú òjò ní òdìkejì títì. Àwọn èèyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé. Àǹtí fúnra rẹ̀ pòṣé. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ̀yìn ilé náà tó ya lulẹ̀. Ẹ̀rín dákẹ́. Ọmọ Ìyá Ṣeun kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

Agége ni wọ́n ń gbé báyìí, nínú yàrá méjì. Mùtíátù ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti ń ṣú, Àǹtí Hàwáwù á wọ bàtà, á lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mùtíátù náà á lọ jókòó tì í.