Ẹ̀fẹ̀ Tó Pẹ́ Dé

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba ohùn lẹ́nu bàbá onígbàjámọ̀, àwọn oníbàárà rẹ̀ rò pé ẹ̀fẹ̀ ti tán láyé. Ọkùnrin tó máa ń gbé abẹ lé ọ lọ́rùn, tí á tún máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín, tí o ò sì gbọdọ̀ mira! Ilé ìwòsàn yá a ní ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kékeré kan tó ti gbó díẹ̀. Ohun tó bá fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀, ẹ̀rọ á sọ ọ́ jáde. Kí o tó ṣẹ́jú, ẹ̀fẹ̀ ti dé.

Iṣẹ́ ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ni títọ́jú kánẹ́ẹ̀lì, ìyẹn apá tó wà nísàlẹ̀ pátápátá nínú ètò kọ̀ǹpútà, tó ń pàṣẹ fún gbogbo yòókù. "Alẹtáyà" ni baba ń pè é, nítorí ìgbàkigbà tó bá bi í pé kí ló ṣe níbi iṣẹ́, "Mo lẹ ibi tó ń jò" ni ìdáhùn rẹ̀.

Lọ́dún yẹn, wọ́n rí àléébù lára ṣíìpù tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Ìkánjú ló ń bá a jà: kì í gbọ́ iṣẹ́ tán kó tó sáré lọ jẹ́ ẹ, ibi tó ti ń sáré náà ló ti ń já àṣírí onílé sílẹ̀ fún olè. Ṣíìpù kì í ṣe ohun téèyàn lè tú palẹ̀ tún ṣe. Kí kánẹ́ẹ̀lì fi ìjánu sí i lẹ́nu ló kù, ẹ̀rọ tó bá sì ti gbó á wá máa wọ́ bí ìgbín.

Ọ̀gá wọn, ìyá àgbà kan tí kì í pariwo, sọ nípàdé pé, "Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ yọ ìjánu yẹn."

"Mà, ilẹ̀kùn tá a bá ṣí fún onílé, olè náà á gbà á wọlé," ni Alẹtáyà fèsì.

Ó jà, ó borí. Òótọ́ ló sì sọ, ohun tó dunni níbẹ̀ nìyẹn.

Àtúnṣe náà dé orí ẹ̀rọ baba bó ṣe dé orí gbogbo ẹ̀rọ ilé ìwòsàn. Ẹ̀rọ baba wá ń wọ́, Alẹtáyà lọ bẹ ilé ìwòsàn pé kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹ̀rọ mìíràn, kò sì sí ọ̀nà láti yọ ọ́. Ta ni yóò bá jà? Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe ara rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn oníbàárà méjì wá kí baba. Apárí ni ọ̀kan.

"Bàbá, irun mi mà ti kún o," ló wí, ó ń fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ń dán.

Ìka baba sáré lórí ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ dákẹ́. Apárí wo ẹnì kejì rẹ̀. Wọ́n rò pé ọpọlọ baba náà ti ń lọ. Wọ́n wá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ oògùn, bí ẹni pé baba kò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣàdúrà, wọ́n dìde.

Ilẹ̀kùn ti tì kí ẹ̀rọ tó lanu: "Bu omi wá, fífọ̀ ló kù."

Alẹtáyà sáré jáde. Wọ́n ti lọ. Ó padà wọlé, ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe.

"Bàbá mi, èmi ni mo ṣe é. Wọ́n fẹ́ fi ọ̀nà sílẹ̀, èmi ni mo kọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Ó mọ̀ pé ìdáhùn á pẹ́, ó dúró dè é, baba ń wò ó. Nígbà tó pẹ́ jù, ó wo ìka baba rẹ̀. Orí aṣọ ìbora ló wà, kò tẹ nǹkan kan.