Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Pè Mí Kúrò Nídìí Ẹ̀rọ

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga tó àjẹ̀ tí bàbá mi fi ń tukọ̀, iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé èmi nìkan ni mò ń ṣe é nílé wa. Kì í ṣe ẹja yíyan, kì í sì í ṣe ilẹ̀ gbígbá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mò ń ṣe àwọn yẹn náà. Èmi ni mò ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu bàbá mi lọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí mo sì ń gba èsì lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà wá fún un. Ẹ má rò pé ọ̀nà jìn láàárín wọn o. Inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ wà. Nígbà míì, ẹ̀yìn wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ẹ̀gbọ́n á ní, "Sọ fún bàbá rẹ pé kó gbé sípánà yẹn wá." Bàbá mi á sì dúró kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ fún òun, àfi bí ẹni pé etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan.

Ẹ mọ òwe tó ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Èmi kò mọ òwe yẹn nígbà náà. Bí wọ́n bá ṣe rán mi ni mo ṣe ń jẹ́ ẹ. Bí ẹ̀gbọ́n bá ní, "Sọ fún un pé orí rẹ̀ le bí òkúta," mà á yíjú sí bàbá mi, mà á ní, "Bàbá, wọ́n ní orí yín le bí òkúta." Ìyá mi nìkan ló máa ń rẹ́rìn-ín, òun náà á sì fi aṣọ bo ẹnu.

Ohun tó fa ìdákẹ́ yìí kò ṣòro láti sọ. Nígbà tí ìyá wọn kú, bàbá mi ò sí nílé. Ó lọ ra irin ní Sàpẹ́lẹ́. Ojú omi kò dára lọ́sẹ̀ náà, ọkọ̀ kankan kò lè rìn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró dè é títí, nígbà tí òkú kò ṣeé dúró tì mọ́, ó sin ín. Kí bàbá mi tó dé, iyanrìn orí ibojì ti gbẹ. Kò pariwo, kò sì sunkún lójú wa. Ó kàn dẹ́kun bíbá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n náà ní òun kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, òun kò sì ní bẹ ẹni tí òun gbé pọ̀n. Àwọn àgbà ìjọ bá wọn sọ ọ́, wọ́n dákẹ́ gbọ́, wọ́n ṣe àmín, wọ́n sì padà sẹ́nu iṣẹ́ láì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ wọn ni títún ọkọ̀ onẹ́ńjìnnì ṣe. Orí òpó ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, létí odò tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ sí Òde Ugbò máa ń gbà kọjá, omi sì máa ń wọlé máa ń jáde lábẹ́ pákó tí a tẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú rẹ̀ tí gbogbo ìlú fi ń yangàn. Ẹ̀rọ léètì ni, ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ́ irin bí gbẹ́nàgbẹ́nà ṣe ń gbẹ́ igi. Òun ni wọ́n fi ń gbẹ́ ọ̀pá irin tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ nínú omi. Bí ọ̀pá yẹn bá ṣẹ́ lára ọkọ̀ rẹ, tí kò bá sí ẹ̀rọ wa, àfi kó o máa fi ọwọ́ tukọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ náà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Bẹ́ǹṣì irin gígùn kan ni. Sukúrù kan tó gùn tó bẹ́ǹṣì náà wà lábẹ́ rẹ̀, ọwọ́ tí a fi ń yí i sì wà ní ìpẹ̀kun kan. Lórí bẹ́ǹṣì yìí ni irin ńlá kan ti ń lọ ti ń bọ̀. Òun ni ọ̀bẹ ìgbẹ́rin jókòó lé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní àga. Nọ́ọ̀tì onídẹ kan wà nísàlẹ̀ àga náà tó gbé sukúrù mì. Bí a bá yí sukúrù, àga á rìn. Àga yẹn wúwo kọjá ohun tí ọkùnrin kan lè dá gbé. Bí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bá fún jù, á há. Bí ó bá dẹ̀ jù, ọ̀bẹ á máa mì, ọ̀pá tó bá gbẹ́ á sì rí gbágungbàgun.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀tì yẹn jẹ tán. Wọ́n tú àga kúrò, wọ́n lọ wá nọ́ọ̀tì òmíràn, ó sì pẹ́ kí wọ́n tó rí i. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀tì tuntun dé gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi pè mí. Ó ní, "Ọma mi," bí Ìlàjẹ ṣe ń pe ọmọ nìyẹn, "sọ fún bàbá rẹ pé tí a bá ti to ẹ̀rọ yìí padà tán, mò ń lọ. Araromi ni mo máa lọ dá tèmi sílẹ̀. Kó máa jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀."

Mo lọ sọ ọ́ bó ṣe wí. Bàbá mi ń nu ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó nu ún títí ó fi mọ́, ó tún ń nu ún. Ó wá ní, "Sọ fún un pé mo gbọ́." Ìyá mi wà ní ẹnu ọ̀nà. Kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó mọ̀ pé bí ọkùnrin yẹn bá fi lè kó ẹrù rẹ̀ sọ́kọ̀, ọ̀rọ̀ náà parí nìyẹn. Àwọn méjèèjì nìkan ló kù nínú ọmọ ìyá wọn, kò sì sí èyí tó máa tukọ̀ lọ bá ìkejì láéláé. Èmi náà mọ̀ ọ́n, bí mo ti kéré tó. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì bàjẹ́, nítorí mo fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n máa to ẹ̀rọ pé. Wọ́n so okùn tó nípọn mọ́ igi àjà, wọ́n fi fa àga sókè, wọ́n sì gbé ìdajì rẹ̀ lé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì. Ìdajì yòókù ń rọ̀ lórí okùn. Bàbá mi kúnlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀. Ó fi èjìká gbé e díẹ̀, ó sì ki ọwọ́ òsì bọ àárín àga àti bẹ́ǹṣì kó lè máa tọ́ ẹnu sukúrù sínú nọ́ọ̀tì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní ìpẹ̀kun kejì, ó di ọwọ́ sukúrù mú. Orí ẹ̀rọ dí i lójú, kò rí ọwọ́ àbúrò rẹ̀, kò sì rí nọ́ọ̀tì. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló lè fi mọ ohun tó ń lọ níbẹ̀. Bí ó bá yí i ju bó ṣe yẹ lọ, ojú nọ́ọ̀tì á fọ́, kò sì sí òmíràn. Bí àga bá sì yẹ̀, ọwọ́ bàbá mi ló máa tẹ̀.

Èmi dúró láàárín wọn. "Sọ fún un pé kó yí i." Mà á ní, "Wọ́n ní kí ẹ yí i." "Sọ fún un pé kó dúró." Mà á tún sọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá a bọ̀. Ẹ wò ó, ẹ̀yin tó ń ka ìwé yìí, ẹ rí i pé kí "dúró" tó ti ẹnu bàbá mi dé etí mi, kó tó tún ti ẹnu mi jáde, sukúrù á ti yí kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Lẹ́ẹ̀kan, mo rí i tí bàbá mi fi eyín di ètè mú.

Ìgbà yẹn ni ìyá mi pè mí láti ìsàlẹ̀. Ó wà nínú ọkọ̀ kékeré. Ó ní kí n wá, ká lọ, omi ti ń fà. Mo ní mò ń jíṣẹ́. Ó ní, "Mo ní kó o wá." Ẹni tó bá mọ ìyá mi mọ̀ pé kì í fi irú ohùn yẹn pe ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀. Mo rò pé a ń lọ síbì kan ni, àfi bó ṣe darí ọkọ̀ wọ abẹ́ ṣọ́ọ̀bù, tó na ọwọ́ di òpó kan mú, tó sì jókòó jẹ́ẹ́. Mo bi í léèrè ohun tí à ń ṣe níbẹ̀. Ó ní, "Àwọn méjèèjì ló ní ẹnu. Jẹ́ kí wọ́n lò ó."

A ń gbọ́ wọn láàárín pákó lórí wa. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kọ́kọ́ pè mí. Ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Bàbá mi náà pè mí, ó tún mi pè. Bàbá mi kò lè jáde lábẹ́ àga, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò lè fi ọwọ́ sukúrù sílẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Mo gbọ́ tí okùn ń dún lára igi àjà. Mo wo ìyá mi lójú, mo rí i pé ẹ̀rù ohun tó ṣe yìí ti ń ba òun fúnra rẹ̀. Ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀, ọwọ́ tó fi ń bọ́ wa.

Bàbá mi ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Èdè Ìlàjẹ ni wọ́n ń sọ láàárín ara wọn o, èmi ni mò ń yí i sí Yorùbá tí gbogbo yín lè kà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má yí i mọ́. Ẹ dá a padà díẹ̀."

"Apá ibo?"

"Apá òsì yín. Ẹ rọra. Ọwọ́ mi wà níbẹ̀."

"Ta ló ní kó o ki ọwọ́ bọ ibẹ̀?"

"Ibo lẹ fẹ́ kí n kì í bọ̀?"

"Ó yá, yọ ọ́. Ṣé o ti yọ ọ́?"

"Mo ti yọ ọ́."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ dáadáa!"

"Mo ní mo ti yọ ọ́!"

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ bá ara wọn sọ láti ìgbà ikú ìyá wọn nìyẹn. Kò sí "jọ̀ọ́" níbẹ̀, kò sí "má bínú." Ìyá mi fi òpó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Mo rò pé ẹ̀rín ló ń rín, nígbà tó ṣí ojú ni mo rí omi níbẹ̀.

Wọ́n ki sukúrù bọ nọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kì í tán lọ́jọ́ tí a bá ki sukúrù bọ̀ ọ́, ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Ó ku kí wọ́n wá ibi tí nọ́ọ̀tì kò ti ní fún, tí kò sì ní dẹ̀. Títí di ìrọ̀lẹ́ la fi ń gbọ́ wọn. "Ó há." "Tú u díẹ̀." "Ó ti ń mì báyìí." "Mo ní díẹ̀, o tú u jù." Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń fi gírísì sí i, wọ́n tún ń yí i. Nígbà tí mo padà wọlé, kò sí ẹni tó rán mi níṣẹ́. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mí díẹ̀. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí àga náà ń rìn geerege láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, bàbá mi jókòó sórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Kò wojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, apá ibo ni ẹ kọ orí ìyá wa sí?"

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ na ọwọ́ sí ìta. Ó ní, "Apá òkun. Apá ibi tí o máa gbà bọ̀."

Bàbá mi wá sunkún. Ó sunkún lójú gbogbo wa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì gbé ọwọ́ lé e léjìká, ọwọ́ tó kún fún gírísì. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì jọ wọ ọkọ̀ kan lọ síbi ibojì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò lọ sí Araromi mọ́. Wọ́n ṣì ń jà dáadáa lẹ́yìn ìgbà náà, ẹnu ara wọn ni wọ́n sì ń fi jà á.

Òkun ti jẹ ibi tí ibojì yẹn wà báyìí. Ṣọ́ọ̀bù ti lọ, ẹ̀rọ náà ti di ti alágbàtà irin, àwọn tó ni ín náà sì ti sùn. Ọkọ̀ ayára tí ẹ́ńjìnnì ń rọ̀ lẹ́yìn ni gbogbo ayé ń wọ̀ báyìí. Bí nǹkan ara rẹ̀ bá bàjẹ́, wọ́n á ju èyí nù, wọ́n á ra òmíràn. N kò sọ pé ìyẹn burú. Ó rọrùn, ó sì yá.

Ṣùgbọ́n ìbínú ayé ìsinsìnyí kò yé mi. Ọmọkùnrin méjì ni mo bí. Ọ̀kan wà ní Àkúrẹ́, ọ̀kan wà ní Èkó, wọn kò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́ nítorí ilé kan tí wọ́n fẹ́ jọ kọ́. Wọ́n ti dí ara wọn lọ́nà lórí fóònù. Wọn kì í rán mi níṣẹ́ sí ara wọn. Bí mo bá dárúkọ ẹnì kan fún ìkejì, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Nígbà tiwa, ẹni tó ń bínú ṣì nílò ọwọ́ ẹni tó ń bínú sí, nítorí pé iṣẹ́ wà tí ẹnì kan kò lè dá ṣe. Lónìí, oníkálukú lè dá gbé ohun tirẹ̀, ìyẹn ló sì ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi bàjẹ́ lóṣù tó kọjá. Ó ti gbó, irú àwọn ńlá àtijọ́ ni. Mẹkáníìkì wá wò ó, ó ní òun á lọ mú ẹnì kan wá kí wọ́n jọ tú u sọ̀ kalẹ̀. Mo ní kó fi í sílẹ̀ níbẹ̀ títí di Kérésì, àwọn ọmọ mi ń bọ̀. N kò tíì sọ fún èyíkéyìí nínú wọn pé ìkejì ń bọ̀. Mẹkáníìkì náà wò mí, ó ní, "Màmá, ẹ̀rọ yìí wúwo o, ẹnì kan ò lè dá a gbé." Mo ní mo mọ̀, ìdí tí mo fi ní kó fi í sílẹ̀ nìyẹn.