Takoyaki Tí Àna Mi Fi Ṣe Mí Lálejò

Ọjọ́ tí mo jẹ takoyaki ní ìlú Osaka, nílẹ̀ Japan, kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé. Ọmọbìnrin mi ló bímọ síbẹ̀, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ìyá ọkọ rẹ̀ ra takoyaki náà, nǹkan dídín roboto kan, wálé láti ẹ̀bá títì. Èmi náà rẹ gàrí Ìjẹ̀bú tí mo gbé wá láti ilé fún wọn.

Mo rò pé òjòjò ni. Mo ju odidi kan sẹ́nu. Yéè! Inú rẹ̀ gbóná, ó ń fà bí ikun imú, ẹran omi kan tó le bí rọ́bà sì há mi léyín. Ọmọ Òde-Omi létí omi ni mí, kò sí ẹja tí n kò jẹ rí, àmọ́ èyí kì í ṣe ẹja! Mo yanu láti tu ú.

Ọmọ mi ní, “Mọ́mì, ẹ má tu ú o!”

Ta ló ń tu oúnjẹ lójú àna? Mo dijú, mo gbé e mì.

Nígbà tí mo lajú, àna mi ti mu gàrí kíkan náà dé ìdajì. Ojú wọn fún pọ̀, omi ń bọ́ níbẹ̀.

Ọmọ mi ní, “Wọ́n ní ó dùn gan-an.”

Mo ní, “Sọ fún wọn pé tiwọn náà dùn.”

Ni wọ́n bá tún bù fún mi. Èmi náà bu gàrí kún tiwọn.