Ohun Tí Ìyá Mùjí Fẹ́ Kọ́ Àwọn Ọmọ

Kàfáyá kò gbèrò àtidi olùkọ́. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ní Sango ló ti ń ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, àfìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, tí wọ́n sì pe orúkọ tirẹ̀ mọ́ wọn. Ó jókòó sílé ní Joju. Kò pẹ́ tí aládùúgbò kan tó máa ń jáde ní kùtùkùtù fi gbé ọmọ wá pé kó bá òun mójú tó o. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Kó tó mọ̀, pálọ̀ rẹ̀ ti di jẹ́lé-ó-sinmi. Ìyá Mùjí ni wọ́n ń pè é, nítorí Mùjídátù ni àkọ́bí rẹ̀.

Oúnjẹ, oorun àti ìdí nínù nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀, títí di ọjọ́ tí Susanna, tó ń ṣiṣẹ́ lọ́nà Igbesa, wá mú ọmọ rẹ̀, Ànúolúwapọ̀.

"Ìyá Mùjí, kí ni Ànú ti kọ́ níbí o? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ ti ń ka A, B, C já."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Kàfáyá lára. Ó ra pátákó àti ṣọ́ọ̀kì, ó sì to àwọn ọmọ sórí bẹ́ǹṣì. Ọmọ ọdún méjì, mẹ́ta! Kó tó dé lẹ́tà D, ọ̀kan ti sùn, òmíràn ti tọ̀ sára. Ó jágbe mọ́ wọn, gbogbo wọn bá bú sẹ́kún. Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Àdìzát, tó máa ń sáré wọlé láràárọ̀, di ẹsẹ̀ Múdàṣírù bàbá rẹ̀ mú, ó ní òun ò wọlé.

Ìyẹn ló jẹ́ kí Kàfáyá ránṣẹ́ sí Dásọ́lá, ìyàwó àbúrò rẹ̀, tó ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní Ìjù. Dásọ́lá wo bẹ́ǹṣì, ó wo pátákó.

"Ẹ má bínú o, Ìyá Mùjí. Eré ni iṣẹ́ àwọn wọ̀nyí."

"Eré kẹ̀? Kí ìyá wọn lè ní mò ń tan àwọn?"

"Eré tó ní ètò ni mò ń wí. Kí lẹ fẹ́ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó kúrò lọ́dọ̀ yín?"

Kàfáyá ronú. Ó ní kí wọ́n lè fọwọ́ ara wọn, kí wọ́n lè sọ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n àwọn, kí wọ́n mọ orúkọ òbí wọn, kí wọ́n kí àgbà, kí wọ́n yé gba nǹkan mọ́ra wọn lọ́wọ́.

"Ẹ ò rí i? Ètò ẹ̀kọ́ lẹ ti ń kà sílẹ̀ yẹn."

Wọ́n bá jókòó tì í. Orin ni fún òwúrọ̀. Lẹ́yìn ẹ̀kọ mímu, eré omi àti yanrìn lẹ́yìnkùlé, kí wọ́n máa ka ọsàn bí wọ́n bá ti ń kó o sínú agbọ̀n. Ìtàn kékeré yóò tẹ̀ lé e, kí oorun tó dé. Orí èdè ni wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Kàfáyá ní Gẹ̀ẹ́sì làwọn òbí fẹ́. Dásọ́lá ní Yorùbá ni kó kọ́kọ́ jinlẹ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sínú orin.

Àdìzát tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré wọlé. Ṣùgbọ́n Susanna dé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó bá Ànú nínú yanrìn.

"Ìyá Mùjí, yanrìn pọ̀ nílé wa o."

Kàfáyá ṣàlàyé títí. Susanna dúpẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀, kò sì gbé e wá mọ́. Iléèwé tí wọ́n ti ń wọ yunifọ́ọ̀mù ló mú un lọ. Ó dun Kàfáyá gan-an. Díẹ̀ ló kù kó tún to bẹ́ǹṣì wọ̀nyẹn.

Múdàṣírù ló pa á lẹ́rìn-ín láàárọ̀ kan. "Kí lẹ ṣe fún ọmọ yìí? Kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan oúnjẹ lánàá, ó ní àfi kí n kọ́kọ́ fọwọ́!"

Ànú kò padà. Bí Kàfáyá àti Susanna bá pàdé lójú ọ̀nà, wọ́n á kíra dáadáa.

Nígbà tí sáà tuntun wọlé, Kàfáyá fi iṣẹ́ òbí kún ètò rẹ̀, kí òbí kọ̀ọ̀kan máa wá sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún àwọn ọmọ, ó sì bẹ Múdàṣírù, tó ń jó irin, pé kó wá.

"Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ wọ̀nyí?"

"Ẹ ṣáà gbé akoto tí ẹ máa ń dé jó irin dání."

Ó gbé e wá. Kò ráyè sọ ọ̀rọ̀ kankan lọ́jọ́ náà. Akoto ni gbogbo wọn ń dé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń forí gbá ògiri, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.